Má Tíì Ṣí Bébà Yẹn: Ìdáhùn fún Tíṣà Tó Fẹ́ Gba Ìwé Kẹrin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọdún kẹta mi nìyí lẹ́nu iṣẹ́. Tí a bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ìwé kẹrin ni wọ́n fún mi, ọmọ 52. Tíṣà tó kọ́ wọn ní ìwé kẹta fún mi ní bébà kan tó kọ orúkọ ọmọ 11 sí. Ó ní, “Àwọn wọ̀nyí, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú lórí wọn.” Mo ká a sínú àpò, n kò tíì kà á. Mo gbà látọkànwá pé kò sí ọmọ tí kò lè mọ̀wé, àmọ́ lọ́dọọdún, tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹta tí a wọlé, n kì í mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ń gbà lọ. Kí ni kí n ṣe sí bébà yìí? Báwo sì ni mo ṣe lè múra sílẹ̀ kí ohun tí mo gbà gbọ́ lè bá mi dé ìparí ọdún?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Má ya bébà náà, má sì kà á. Fi í sínú àpòòwé, lẹ̀ ẹ́ pa, kọ “ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹfà” sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o tì í mọ́ inú àpótí tábìlì rẹ. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ọ̀rọ̀ náà á gùn díẹ̀, torí ọdún 35 ni mo fi dúró níwájú pátákó, ohun tó sì dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, inú irú bébà bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ṣe tèmi. Ní 1994, ìwé kẹrin ni èmi náà gbà. Ẹni tó fi àwọn ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ nawọ́ sí ọmọkùnrin kan, ó ní, “Ti eléyìí, orí ẹ̀ kò gbé e.” Mo gbà á gbọ́ láìjanpata. Mo fi ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn pátápátá. Ó ní ìwà kan tó máa ń bí mi nínú: tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló máa ń tẹjú mọ́, kì í wo ojú mi, kì í wo ìwé rẹ̀. Mo rò pé àfojúdi ni. Tí mo bá wá kọjú sí pátákó, tí mo ń kọ̀wé tí mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ, á yí ojú sí ìta. Ní ìparí sáà kìíní, òun ló gbẹ́yìn nínú ọmọ 46. Mo kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Nígbà tí a wọlé sáà kejì, ọyẹ́ mú mi, ohùn mi há pátápátá. Mo bá kọ gbogbo àlàyé Ìṣírò ọjọ́ náà sójú pátákó, mo sì ń lọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ, mo ń fi ìwọ̀nba ohùn tó kù sọ ọ́ fún wọn lójúkojú. Ìṣírò mẹ́wàá ni mo fún wọn. Nígbà tí mo ń máàkì, mo kan ìwé kan tó gba méje. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wo orúkọ, ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Mo rò pé ó jíwèé wò, mo bá wá ìwé ẹni tó jókòó tì í. Ẹni yẹn gba mẹ́rin.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ àgbà. Ìyá náà ní etí ọmọ náà ti ń ṣọyún láti kékeré, pé àwọn ti ro oògùn sí i títí. Ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹnu mi tó ń tẹjú mọ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀. Mo mú un wá sí iwájú, mo dẹ́kun à ń bá pátákó sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Kò gba ipò kìíní o. Ipò kọkàndínlógún ló gbà ní ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n mo ti gba sáà kan gbáko lọ́wọ́ ọmọ yẹn, n kò sì lè dá a padà, torí pé ẹnì kan sọ gbólóhùn kan fún mi kí n tó mọ orúkọ rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn, “kí n tó mọ orúkọ rẹ̀”, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bébà rẹ wà. Ní 1968, Robert Rosenthal, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti Lenore Jacobson tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, gbé èsì ìwádìí kan jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní California, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìdánwò ọpọlọ, wọ́n wá sọ fún àwọn tíṣà pé ọmọ báyìí, ọmọ báyìí, bí ẹyọ kan nínú márùn-ún, máa yọrí lọ́dún náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe mú àwọn orúkọ náà. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tí wọ́n dárúkọ ní ìwé kìíní àti ìwé kejì gòkè ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìdánwò náà. Àwọn onímọ̀ bá ara wọn fà á gan-an. Àwọn kan tún un ṣe, wọn kò rí nǹkan kan. Ní 1984, Stephen Raudenbush kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 18 jọ, ó sì rí ohun tó fa ìyàtọ̀. Níbi tí tíṣà bá ti mọ àwọn ọmọ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí wọ́n tó wá sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Níbi tí kò bá tíì mọ̀ wọ́n, ó ràn án.

Ṣé o rí i? Tí o bá ti mọ ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í ríbi jókòó. Tí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n sọ fún ọ ni yóò gba àga ìmọ̀. N kò ní tàn ọ́ pé agbára ìgbàgbọ́ tíṣà tó bí àwọn kan ṣe ń ròyìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀lé ti California, kékeré ni. Àmọ́ kékeré yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ti ń wọlé, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an ni bébà náà sì fẹ́ bá ọ wọ kíláàsì.

Má torí èyí sọ ẹni tó fún ọ di ọ̀tá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àánú rẹ ló ṣe é. Lọ bá a kí ẹ tó wọlé, kí i dáadáa, kí o wá bi í ní ìbéèrè tìrẹ. Ta ni kì í rí pátákó? Ta ni fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, tí n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn níbi àpéjọ àárọ̀? Ta ni wárápá máa ń gbé, kí sì ni ẹ máa ń ṣe tó bá gbé e? Ìyá tàbí bàbá ta ló kú lọ́dún tó kọjá? Ta ló ń ti ọ̀nà jíjìn wá láìjẹun? Ìròyìn nìyẹn, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. “Má da ara ẹ láàmú lórí wọn” jẹ́ ìdájọ́, ìdájọ́ ló sì yẹ kó wà nínú àpòòwé títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Wàá ní, “Màmá, èmi kì í bú ọmọ, ewu wo ló wà nínú kí n kàn mọ orúkọ wọn?” Èmi náà kò bú ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ohun tí a gbà gbọ́ nípa ọmọ máa ń gba ojú jáde, ó ń gba ọwọ́ jáde, ó ń gba bí a ṣe ń dúró jáde. Mary Budd Rowe, tó fara balẹ̀ gbọ́ téépù ọ̀pọ̀ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, rí i pé tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè, kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Àwọn tí tíṣà kà sí aláìmọ̀wé ló sì ń fún ní àyè tó kéré jù. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn tíṣà láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tó ń dákẹ́ tàbí tó ń ní “n kò mọ̀” dín kù, àwọn tí wọ́n ti pa tì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lanu.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò jọ nǹkan lójú ìwé. Lọ gbìyànjú rẹ̀ ní iwájú ọmọ 52, wàá rí i pé ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Nígbà tí mò ń kọ́ ọ, inú ọkàn mi ni mo ti máa ń sọ “mò ń dúró dè ọ́” lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mí. Fi ìsinmi yìí kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé rẹ, kó ti mọ́ ọ lára kí ẹ tó wọlé.

Wàyí o, ìwé kẹrin ni wọ́n fún ọ, ọ̀rọ̀ ìwé kẹrin yàtọ̀. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ níbẹ̀rẹ̀, kí a wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì tó bá yá, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì fi ìwé kẹrin ṣe oríta náà. Wọ́n ti tún ìlànà náà ṣe léraléra, àmọ́ ìwọ náà mọ bó ṣe rí nínú kíláàsì. Ọmọ tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún ọ ní oṣù Keje bí omi inú ìkòkò ṣe ń di ooru tó ń gòkè, ní oṣù Kẹsàn-án, Gẹ̀ẹ́sì ni kó fi sọ ọ́. O béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé e lọ sí Yorùbá nínú ọkàn rẹ̀, ó rí ìdáhùn, ó wá ń wá ọ̀nà tí yóò gbà gbé e padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Tí o bá fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí o ti pe ẹlòmíràn. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i, òun náà á gbà pé olódo lòun.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, Ìṣírò àti Sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún odindi ọdún mẹ́fà. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló sì ń kọ́ ọ. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ló mókè nínú àwọn iṣẹ́ náà, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan kan náà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí iṣẹ́ yẹn: ọmọ mélòó ni a ti pè lólódo tó jẹ́ pé èdè ló há wọn lọ́fun?

O kò ní agbára láti yí ìlànà ìjọba padà, ṣùgbọ́n o lè ṣe ìdánwò kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní ọjọ́ Ajé, kọ ìṣírò kan sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì: ìyá kan ra ọsàn 36, ó pín in dọ́gba fún ọmọ mẹ́rin, mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ní Ọjọ́rú, mú irú rẹ̀ mìíràn, sọ ọsàn di 48, kí o fẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ tó bá gba ti Ọjọ́rú tí kò gba ti ọjọ́ Ajé, Ìṣírò kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Máa fi Yorùbá la ẹ̀kọ́ fún un kí o tó fi Gẹ̀ẹ́sì dé e. Rántí pẹ̀lú pé bóyá ọmọ Ìgbò, ọmọ Ìdọ̀mà tàbí ọmọ Ẹ̀gùn wà láàárín wọn. Ti ìyẹn, Yorùbá gan-an ni èdè kejì, Gẹ̀ẹ́sì ni ìkẹta. Má ṣe fi Yorùbá tó ń ta kókó lẹ́nu rẹ̀ díwọ̀n ọpọlọ rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, “Mà, orí yàtọ̀ sí orí, àyànmọ́ ni.” N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orí. Kristẹni ni mí, n kò dífá rí, àmọ́ àdúgbò tí mo ti dàgbà, bàbá aláwo kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Odù 256 ló wà níwájú ọmọ náà, kálukú pẹ̀lú ẹsẹ tirẹ̀. Tí ó bá ṣì í, bàbá á tún un pè, ọmọ á tún un pè, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó gbà gbọ́ nínú orí ju gbogbo wa lọ ni wọ́n ń ṣe àtúnpè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tún ń wá ìsọ̀yè fún un. Ilé-kéwú tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, bákan náà ni: ọmọ kì í fi wàláà sílẹ̀ títí yóò fi kà á já. Nínú méjèèjì, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé kó máa lọ jókòó lẹ́yìn. Ẹni tó gba òdo là ń pè lólódo, àwa tíṣà la sì ń fúnni ní òdo.

Ó kù ìbéèrè rẹ kejì, ibi tí ìgbàgbọ́ ń gbà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kìíní, koríko la ń gé, ìdajì ọmọ kò tíì dé, ìyá wọn ṣì ń wá owó yúnífọ́ọ̀mù àti sàńdáàlì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá ń béèrè lẹ́sìn nóòtì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo wọn pé, ooru mú, bẹ́ǹṣì kò tó, o béèrè ìbéèrè, ọwọ́ mẹ́fà kan náà tó máa ń dìde ló tún dìde, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti bá ọwọ́ mẹ́fà yẹn lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí o jókòó pinnu pé o kò gbà gbọ́ mọ́. Ìwé Mímọ́ ní ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́, òkú ni, mo sì rí i bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Nítorí náà, wá iṣẹ́ fún un nísinsìnyí tí ara rẹ ṣì balẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí tó pẹ́ lọ́wọ́ mi jù nìyí. Ra ìwé kan tó ní ojú-ewé tó pọ̀, ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lójúmọ́, ọmọ márùn-ún péré ni kí o mú. Lásìkò ìsinmi tàbí nígbà tí àwọn yòókù ń kọ nóòtì, pe ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Bi í ní orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè é nílé, àti ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òjó á sọ fún ọ pé òun gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni, Ìgè á ní ẹsẹ̀ lòun fi jáde, Dàda á fọwọ́ kan irun rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí ju gbogbo ìbéèrè lọ, torí ọmọ tó ń bẹ̀rù jù lọ mọ ìdáhùn rẹ̀ ju tíṣà lọ. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó ka ìlà mẹ́ta fún ọ ní Yorùbá, ìlà mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì. Kó lọ dúró lẹ́yìn kíláàsì, kó ka lẹ́tà tí o kọ sórí kádíbọ́ọ̀dù níwájú. Kó kọ ẹ̀yìn sí ọ, kí o pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní lọ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ ohun tó lè ṣe sójú-ewé rẹ̀, kọ ọ́ bí o ṣe rí i: “ó ka ‘ilé-ìwé’ láìdúró”, “ó fi ìka kà dé 20”, “kò gbọ́ mi lápá òsì”. Má kọ “ó gbọ́n”, má kọ “kò mọ nǹkan”.

Ọmọ márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá, ó di 50. Méjì tó kù, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ tí kò bá tíì dé, ojú-ewé rẹ̀ á máa dúró dè é. Ọjọ́ tí ìgbàgbọ́ rẹ ti máa ń sọnù gan-an ni wàá rí i pé ìwé náà kún.

Ti ìjókòó, máa yí wọn padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìlà ẹ̀yìn á bọ́ síwájú, àmọ́ tó bá kan àwọn tí ojú tàbí etí ń yọ lẹ́nu, àwọn yẹn kò gbọdọ̀ kúrò níwájú. Pàṣán, fi í sílẹ̀ nílé. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn: ọmọ tó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ kò lè máa ṣọ́ ohun tí o ń kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹfà, ṣí àpòòwé, kí o gbé ìwé rẹ tì í. Níbi tí bébà bá ti yàtọ̀ sí ojú-ewé, ojú-ewé ni kí o gbà. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà tí méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. N kò ní parọ́ fún ọ pé kò ní sí rárá. Àwọn ọmọ kan wà tí ìṣòro wọn ju agbára tíṣà kan lọ, tó yẹ kí dókítà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe dá sí i, ìwé rẹ ni wàá sì fi bá òbí wọn àti ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù nínú wọn, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìwé kíkà ti ìwé kejì, kí o bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí.

Bẹ̀rẹ̀ ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ tí ìwọlé bá ku ọ̀la. Da orúkọ àwọn 52 kọ látinú rẹ́jísítà, ẹnì kan lójú-ewé kan, kí o sì fi àmì ohùn sórí gbogbo wọn. Orúkọ tí o kò bá mọ àmì rẹ̀, fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kí o fi ọmọ yẹn ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wàá pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì.